Sìgá Inú Eré Àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mo wo eré tẹlifíṣọ̀n kan tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní 1955. Bébà tí wọ́n kọ Cohiba, orúkọ irú sìgá kan, sí wà lára sìgá ńlá tí ọ̀gá inú rẹ̀ ń mu. Ṣé ó bá àsìkò náà mu?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ní 1966 ni wọ́n dá Cohiba sílẹ̀ ní Kúbà. Ó di 1982 kó tó dé ọjà gbogbogbòò. Bébà yẹn ni èmi náà máa ń kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá ti bọ́ ọ kúrò, ẹ wo ewé tábà tó wà níta: aláwọ̀ ewéko wọ́pọ̀ gan-an ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà náà. Ó dùn mí pé wọn ò wá Partagás, irú sìgá Kúbà mìíràn, tó ti wà láti 1845.