Ọmọ mi mọ àròpọ̀ dáadáa, àpótí òfìfo ló ń dà á láàmú

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ àgbà. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Pírámárì 4 ní Ìbàdàn níbí. Tí ẹ bá ní kó ka times table, á kà á bí orin, láti orí méjì títí dé orí méjìlá. Àròpọ̀ àti ìyọkúrò kì í fún un ní wàhálà. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wò. Wọ́n kọ □ + 7 = 15, ó fi 22 sínú àpótí. Wọ́n kọ 8 + 4 = □ + 5, ó fi 12 sí i. Nínú mẹ́wàá, méjì péré ló gbà. Tíṣà rẹ̀ ní kì í fọkàn sí iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ní ká wá ẹni tí yóò máa ṣe lẹ́sìnnì fún un nílé, torí Common Entrance ò ní pẹ́ dé. Kí lẹ rí sí i? Èmi fúnra mi ò fẹ́ràn ìṣirò nígbà tí mo wà níléèwé, ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo kó o ràn án.

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìṣirò kì í ràn bí ìgbóná, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ọmọ yín náà kì í ṣe ọ̀lẹ. 12 tó kọ yẹn, ó nídìí tó fi kọ ọ́, ìdí náà sì bọ́gbọ́n mu lójú tirẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ti ń rí láti Pírámárì 1. 3 + 2 = . 9 − 4 = . Nọ́ńbà, àmì, nọ́ńbà, ìlà méjì, lẹ́yìn náà ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìlà méjì yẹn ń pàṣẹ fún òun ni: "Ó yá, ṣe é, kọ ohun tó bá jáde síbí." Nítorí náà, nígbà tó rí 8 + 4 = , ó ṣe é, 12 jáde, ó kọ ọ́. + 5 tó wà lẹ́yìn ò kàn án. Nígbà tó rí □ + 7 = 15, ó rí nọ́ńbà méjì àti àmì àròpọ̀, ó rò wọ́n pọ̀. Ó ṣe ohun tí a kọ́ ọ, bó ṣe yé e.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé 8 + 4 = □ + 5 yìí gan-an síwájú àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tí iye wọn jẹ́ 145. Nígbà tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1999, kò sí ẹyọ ọmọ kan tó kọ 7, ìyẹn ìdáhùn tó tọ́, torí 7 + 5 náà jẹ́ 12. Àwọn kan kọ 12 bíi ti ọmọ yín, àwọn kan kó gbogbo nọ́ńbà pọ̀, wọ́n kọ 17. Kíláàsì kẹfà lèyí o, kì í ṣe kẹrin.

Ará Wales kan tó ń jẹ́ Robert Recorde ló kọ́kọ́ lo àmì = yìí nínú ìwé, ní 1557. Ó ti sú u láti máa kọ gbólóhùn kan náà léraléra pé "èyí bá ìyẹn dọ́gba", ló bá fa ìlà méjì tó gùn bákan náà, ó ní kò sí ohun méjì tó tún lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Ìdọ́gba ni àmì náà ń sọ, kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Àwa tíṣà ni a sọ ọ́ di ọ̀gá. Èmi alára ti dúró níwájú bọ́ọ̀dù, mo kọ 5 + 3 = 8 + 2 = 10, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ẹ tún un wò: mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé 5 + 3 bá 8 + 2 dọ́gba. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ẹnu yín ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ka 8 + 4 = 12 lédè wa, a máa ń sọ pé "mẹ́jọ àti mẹ́rin, ó di méjìlá." "Ó di" yẹn ni ẹ yéé sọ, torí ohun tó bá "di" nǹkan mìíràn ti yí padà, kò sì lè yí sẹ́yìn. Ẹ máa sọ pé "mẹ́jọ àti mẹ́rin, iye kan náà ni pẹ̀lú méjìlá." Bí ẹ bá ti sọ ọ́ báyìí, ẹ lè dà á kọ: méjìlá, iye kan náà ni pẹ̀lú mẹ́jọ àti mẹ́rin. Mo ti kọ 10 = 4 + 6 sójú bọ́ọ̀dù rí, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ ọ́ sódì." Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú tiyín, ẹ gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá háńgà aṣọ kan, èyí oníke. Ẹ fi kọ́ ìṣó lára ògiri níbi tí yóò ti lè máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi òwú so ọ̀rá kékeré méjì tó dọ́gba mọ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ẹ so ó le kó má baà yọ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta mínírà ládùúgbò, ẹ tọrọ ìdérí ìgò bí ogójì, oríṣi kan náà ni o, torí bí wọ́n bá dà pọ̀ mọ́ra wọn, háńgà á máa purọ́. Ẹ ní kí ọmọ ka mẹ́jọ sínú ọ̀rá òsì, kó tún ka mẹ́rin kún un. Kó ka márùn-ún sínú ti ọ̀tún. Òsì á wálẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan, kó máa fi kún ti ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ títí tí háńgà á fi tẹ́ rẹ́gí. Nígbà tó bá máa fi ìkeje sí i, ojú rẹ̀ lẹ máa wò, ẹ fi háńgà sílẹ̀.

Ẹ má dúró síbẹ̀, torí ibi tó dùn jù ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ẹ yọ méjì kúrò nínú ọ̀rá ọ̀tún, ẹ bi í pé, "Kí la máa ṣe kó tún lè tẹ́?" Ó lè dá méjì yẹn padà. Ó dáa. Ẹ ní kó má dá a padà, kó wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà tó bá yọ méjì kúrò lósì náà, ó ti ṣe áljẹ́bírà, ohun tí wọ́n máa fi dẹ́rù bà á ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn. Orúkọ yẹn, áljẹ́bírà, inú àkọlé ìwé kan tí onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ al-Khwarizmi kọ ní Baghdad ní nǹkan bí 820 ló ti jáde. Al-jabr ni Lárúbáwá pè é, ó sì túmọ̀ sí kí a mú ohun tó yẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ní Spain àtijọ́, algebrista ni wọ́n ń pe ẹni tó ń to eegun. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ, ẹ̀rín máa ń pa wọ́n, àmọ́ wọn kì í gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ eré "òótọ́ ni àbí irọ́". 6 = 6. 7 + 5 = 5 + 7. 9 − 3 = 3 − 9. 23 + 19 = 22 + 20. Bó bá ti dáhùn, ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju ìdáhùn lọ, ẹ bi í bó gbà á, ẹ bi í bó kùnà á, kó má baà rò pé ìgbà tó bá ṣì í nìkan lẹ ń béèrè. Bó bá ro 23 àti 19 pọ̀, tó ro 22 àti 20 pọ̀, tó ní 42 ni méjèèjì, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó tó ní, "Ọ̀kan kúrò lára 23, ó lọ bá 19, kò sóhun tó sọnù," ẹni yẹn ti rí ara ìṣirò. Ibẹ̀ ni a fẹ́ kó dé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà Yorùbá, torí àwọn òbí ń sá fún un, wọ́n ní ó le. Ẹ bi í pé kí ni 36 + 19. Nílé ìwé, á to wọ́n lérí ara wọn, 6 àti 9 jẹ́ 15, kọ 5, gbé 1. Ẹ wá jẹ́ kó pè wọ́n lédè tiwa. 36, mẹ́rìndínlógójì: ogójì ó dín mẹ́rin. 19, mọ́kàndínlógún: ogún ó dín ọ̀kan. Ogójì àti ogún, ọgọ́ta. Mẹ́rin tó dín àti ọ̀kan tó dín, márùn-ún ló dín. Ọgọ́ta ó dín márùn-ún. Kí là ń pe 55? Márùndínlọ́gọ́ta. Ìdáhùn ti wà nínú orúkọ, kò gbé nǹkan kan sórí nǹkan kan. Ẹ tún tú 45 wò pẹ̀lú rẹ̀. Márùndínláàádọ́ta: àádọ́ta ó dín márùn-ún. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta ó dín mẹ́wàá ni. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, 45 = 3 × 20 − 10 − 5, kí ẹ sì wo bí ọmọ Pírámárì 4 á ṣe la ẹnu sílẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni àwọn ìyá àgbà wa ń pè lójoojúmọ́ láìmú bírò. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò wà nínú rẹ̀. Èmi ò sọ pé kí ẹ dá iléèwé tiyín sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ tó.

Ọpọ́n ayò náà wúlò, bí ẹ bá ní in nílé. Ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, kò lè lé, kò lè dín. Ẹ dá eré dúró láàárín: "Mo ti jẹ 11, ìwọ ti jẹ 9. Má ka ọpọ́n. Mélòó ló kù nínú rẹ̀?" Kó sọ, kó tó wá kà á láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà kó kọ ọ́ sínú ìwé: 11 + 9 + □ = 48. Àpótí tó ń dẹ́rù bà á ti di ohun tó ń fọwọ́ bà.

Bákan náà lọ́jà. Nǹkan ₦650, ẹ fún ìyá ọlọ́jà ní ₦1,000. Ẹ tẹ́tí sí bó ṣe máa ṣe ṣéńjì. Kì í yọ 650 kúrò nínú 1,000. Á na àádọ́ta náírà síta, á ní "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin", á wá máa ka ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan títí á fi pé ẹgbẹ̀rún. 650 + □ = 1,000 ló ń ṣe yẹn, òun kàn ń pè é ní ṣéńjì ni.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn tíṣà kan máa ń sọ fún ọmọ pé bó bá ti rí "jù" tàbí "lápapọ̀" nínú ìbéèrè, kó ròpọ̀. Ẹ fún un ní èyí: Títí ní ọsàn 15. Ọsàn Títí fi 7 ju ti Kúnlé lọ. Mélòó ni Kúnlé ní? Ẹni tó ń wá "jù" kiri á kọ 22, Kúnlé tó ní díẹ̀ á wá di olówó ọsàn. Kó yà á ná, ìlà gígùn kan fún Títí, èyí tó kúrú fún Kúnlé, kó fi 7 sí ibi tí ọ̀kan fi gùn ju èkejì lọ. Yíyà yẹn á sọ ohun tó kù fún un.

Ẹ má tíì mú x wọlé. Bí ẹ bá sì máa lo lẹ́tà, ẹ má sọ fún un pé 3m túmọ̀ sí máńgòrò mẹ́ta. Àṣìṣe tó ń bá ọmọ dé yunifásítì nìyẹn. m kì í ṣe máńgòrò, iye ni. Àpótí ti tó fún un báyìí.

Ní ti lẹ́sìnnì: bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń bọ̀ á kàn gbé àádọ́ta ìṣirò irú 8 + 4 = mìíràn ka iwájú rẹ̀ ni, owó yín á ṣòfò, àṣà tí a ń gbìyànjú láti tú yóò tún le sí i. Kí ẹ tó gbà á, ẹ fi ìwé ọmọ hàn án, ẹ bi í pé kí ló dé tí ọmọ fi kọ 12. Bó bá ní "kò fọkàn sí i", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ. Kí bàbá wọn fara balẹ̀, ọmọ Pírámárì 4 ṣì ní àkókò. Ẹ má sì bá tíṣà rẹ̀ jà, kíláàsì tó kún fọ́fọ́ kì í jẹ́ kéèyàn ráyè bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní "báwo lo ṣe mọ̀". Ẹ kàn fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé, nínú ìṣirò mẹ́wàá tó bá fún wọn, kó máa gbé = kúrò ní ipò rẹ̀ nínú méjì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kọ èyí fún un: 27 + 48 = □ + 50. Ẹ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dákẹ́ díẹ̀ tó ní 25, ẹ bi í bó ṣe mọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.