Kí ló dé tí Lúùkù oníṣègùn fi di alágbàwí àwọn ayàwòrán?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: àwọn ẹni mímọ́ wo ni Ìjọ Kátólíìkì kà sí alágbàwí fún àwọn ayàwòrán àti àwọn tó ń ṣe ère mímọ́, kí ló sì dé tí Lúùkù, tí í ṣe oníṣègùn, fi ṣáájú wọn?

Lóòótọ́, oníṣègùn ni Pọ́ọ̀lù pe Lúùkù nínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Kólósè, kò sì sí ibì kankan nínú Ìwé Mímọ́ tó sọ pé ó fọwọ́ kan ọ̀dà rí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu láàárín àwọn Kristẹni ló ní òun ló kọ́kọ́ ya àwòrán Wúńdíá Màríà, títí kan èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore ní Róòmù. Àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìgbà tí wọ́n ya àwòrán náà jìnnà sí ayé Lúùkù. Lójú tèmi, Ìhìnrere rẹ̀ ni ká wò: òun nìkan ló ròyìn bí Màríà ṣe lọ kí Èlísábẹ́tì àti bí àwọn olùṣọ́-àgùntàn ṣe bá ọmọ náà ní ibùjẹ ẹran, ìran wọ̀nyí gan-an ni àwọn ayàwòrán sì ń yà sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún gbọọrọ wá. Orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán jẹ́ ní ìlú Antwerp ní Belgium láti 1382 títí tí wọ́n fi tú u ká ní 1795, òun náà ni ilé ẹ̀kọ́ Accademia di San Luca ní Róòmù ń jẹ́. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ni àjọ̀dún rẹ̀.

Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà dájúdájú ni Fra Angelico, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti ẹgbẹ́ Dominic, ẹni tó ya àwòrán sára ògiri yàrá àwọn arákùnrin rẹ̀ ní San Marco ní Florence, kí wọ́n lè máa rí ìjìyà Kristi níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Ó kú ní Róòmù ní 1455. Póòpù John Paul Kejì kéde rẹ̀ ní Alábùkúnfún, ìyẹn ipò tó ṣáájú ti ẹni mímọ́, ní 1982, ó sì fi í ṣe alágbàwí àwọn oníṣẹ́ ọnà ní 1984. Àwọn ayàwòrán tún ń bẹ Catherine ti Bologna, sísítà tó ya àwòrán sínú ìwé àdúrà rẹ̀.

Àwọn agbẹ́kùúta ní tiwọn ń ké pe àwọn Ajẹ́rìíkú Mẹ́rin Aládé, tí a ń rántí ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá. Ìtàn wọn, tí ó lọ́jú pọ̀ díẹ̀ nítorí pé ó da àwùjọ ajẹ́rìíkú méjì pọ̀, sọ pé àwọn agbẹ́kùúta tó mọṣẹ́ dunjú ni wọ́n lábẹ́ Diocletian, ọba Róòmù, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti gbẹ́ ère Aesculapius, òrìṣà ìwòsàn, wọ́n sì pa wọ́n nítorí rẹ̀. Ìtàn yìí wọ̀ mí lọ́kàn gan-an, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ̀ láti gbẹ́ ni wọ́n fi di alágbàwí àwọn tó ń gbẹ́ ère.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi oníṣẹ́ ọnà pé, ṣé ère tirẹ̀ kì í ṣe òrìṣà, ọ̀dọ̀ Jòhánù ará Damásíkù, mọ́ńkì kan ní ọ̀rúndún kẹjọ, ni ìdáhùn wà. Nígbà tí ọba Leo Kẹta ní Constantinople gbógun ti àwòrán mímọ́, Jòhánù kọ̀wé gbèjà wọn pé Ọlọ́run kan ṣoṣo là ń sìn, àti pé ọ̀wọ̀ tí a fún àwòrán ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí àwòrán náà ń fi hàn. Ẹ̀kọ́ yìí ni àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea fọwọ́ sí ní 787, lẹ́yìn ikú rẹ̀.