Ṣé òótọ́ ni pé orin ìfẹ́ ni ohùn "Passion Chorale" tẹ́lẹ̀?

Àbúrò, o ní bí ẹ ṣe ń múra orin Ọjọ́ Ẹtì Rere sílẹ̀, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin yín sọ pé ohùn tí wọ́n kọ "Passion Chorale" (chorale ìjìyà Jésù) sí lókè nínú ìwé orin yẹn, orin ìfẹ́ ni tẹ́lẹ̀, àti pé Bach, olórin Jámánì nì, tún fi í kọrin Kérésìmesì. O wá bi mí pé ṣé òótọ́ ni, kí ni wọ́n ń pè ní "chorale" gan-an, àti pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi orin mímọ́ ṣeré.

Òótọ́ ni méjèèjì. Eré kọ́ ni wọ́n fi ṣe.

Hans Leo Hassler ló ni ohùn náà. Ọmọ Nuremberg ní Jámánì ni, 1564 ni wọ́n bí i, nígbà tó sì di 1584 ó lọ kọ́ṣẹ́ orin ní Venice lọ́dọ̀ Andrea Gabrieli. Ní 1601 ó tẹ ìwé orin kan jáde. Ọ̀kan nínú àwọn orin ibẹ̀, tí àwọn olóhùn márùn-ún ń kọ pọ̀, ni "Mein G'müt ist mir verwirret", ìyẹn "ọkàn mi dàrú". Kí ló dà á rú? Ọmọge ni. Ẹsẹ márùn-ún ló ní, bí o bá sì to lẹ́tà àkọ́kọ́ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan jọ, MARIA ló máa jáde. Ẹ má tètè máa ṣe àmín o, orin náà ò mẹ́nu kan ìyá Jésù rárá.

Hassler kú ní 1612. Ọdún kejì, 1613, ni ohùn rẹ̀ wọ ìwé orin ìjọ ní Görlitz, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Christoph Knoll kọ, "Herzlich tut mich verlangen", orin ẹni tó ń wá ikú rere. Ẹni tó ni ohùn kò gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rí. Nígbà tó di 1656, nínú ìwé orin tí Johann Crüger kó jọ, ohùn kan náà ni wọ́n fi sí "O Haupt voll Blut und Wunden" tí Paul Gerhardt kọ, èyí tí à ń kọ lọ́jọ́ Ẹtì Rere títí dòní. Ewì Látìnì àtijọ́ kan ni Gerhardt gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé. Ewì náà ń kí ara Jésù lórí àgbélébùú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ẹsẹ̀, orúnkún, ọwọ́, ẹ̀gbẹ́, àyà, ọkàn, ojú.  Apá tó kẹ́yìn, ti ojú, ni Gerhardt gbé orin yìí lé, ó sì pè é ní orí.

Ní ti "chorale", orin ìjọ Luther ni, tí gbogbo ìjọ ń kọ ní èdè tiwọn, kì í ṣe ti àwọn àlùfáà nìkan ní Látìnì. Ìwé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde ní Nuremberg yìí kan náà ní 1524, orin mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀. Wàá gbọ́ táwọn èèyàn máa ń sọ pé inú ilé ọtí ni Luther ti kó ohùn orin rẹ̀. Àsọdùn ni. Orin kan tí a mọ̀ dájú pé ó fi ohùn ìgboro sí ni ti Kérésìmesì, "Vom Himmel hoch", nígbà tó sì di 1539 ohùn mìíràn ti rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé orúkọ ló ń da àwọn kan láàmú: àwọn olórin Jámánì ní irú orin kan tí wọ́n ń pè ní "Bar", níbi tí apá àkọ́kọ́ ti ń wá lẹ́ẹ̀mejì kí apá kejì tó dé. Kò kan bíà rárá. Bí ohùn Hassler sì ṣe rí gan-an nìyẹn.

Wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ohùn nínú ìwé orin rẹ: 7.6.7.6. lẹ́ẹ̀mejì. Iye sílébù ìlà kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó bá ti bọ́ sí iye yẹn, ohùn náà á gbà á. Fún ọmọ Jámánì kò sí wàhálà níbẹ̀, nítorí ìró òkè àti ìsàlẹ̀ kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn padà. Tiwa ńkọ́? Kọ ìlà àkọ́kọ́ ní sol-fa: m l s f m r m. Bí ọ̀rọ̀ bá fi "Orí" bẹ̀rẹ̀, m sí l gbè é, ó gòkè bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìfò náà ga débi pé ẹni tí kò ríwèé lè gbọ́ "òrí" tí à ń fi para. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ̀kalẹ̀-sọ̀kalẹ̀ ni, ohun yòówù kí ọ̀rọ̀ fẹ́. Ìdí nìyẹn tí T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, fi ń kọ orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àwa la ní ìṣòro yẹn. Bach ò ní i.

Bach lo ohùn yìí nígbà márùn-ún nínú Ìjìyà Jésù gẹ́gẹ́ bí Mátíù ti kọ ọ́, tí wọ́n kọ ní Leipzig ní 1727. Lẹ́yìn tí Jésù sọ pé a ó kọlu olùṣọ́ àgùntàn, ohùn náà dé. Pétérù búra pé òun ò ní sẹ́ ẹ, ó tún dé, báàsì, tẹ́nọ̀ àti áátò kan náà gẹ́lẹ́, àmọ́ ó fi ìdajì ìró kan wálẹ̀. Ó dé nígbà tí Jésù dákẹ́ níwájú Pílátù, ó dé nígbà tí wọ́n dé e ládé ẹ̀gún, ó sì dé nígbà tó gbẹ́mìí mì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wá gbọ́.

Nínú orin ńlá Kérésìmesì tí Bach ṣe ní 1734, ohùn yìí kan náà ni ti chorale àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ níbẹ̀, òun náà ni wọ́n fi parí gbogbo rẹ̀ ní 6 January 1735, pẹ̀lú kàkàkí àti ìlù ńlá. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti sọ pé Bach ń fi àgbélébùú hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùjẹ ẹran. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ sí i pátápátá. Ó kéré tán, orin mẹ́ta ni ará Leipzig mọ̀ mọ́ ohùn yìí, ti Ẹtì Rere ò sì ju ọ̀kan nínú wọn lọ.

Bí o bá ń wá ohun tí Bach ń sọ, fi sòpùránò sílẹ̀, báàsì ni kí o tẹ́tí sí. Ìró "mi" inú sol-fa ni ohùn náà fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló fi parí. Nígbà ikú Jésù, báàsì dúró sórí "mi" pẹ̀lú rẹ̀, ó rí bí ẹni tí gbólóhùn já mọ́ lẹ́nu. Ní 6 January, "mi" kan náà ni, ṣùgbọ́n báàsì ti gúnlẹ̀ sórí "doh", kàkàkí sì ń dún.