Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí Mac, tí Linux kọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi kqueue, irinṣẹ́ tó ń sọ fún ètò pé ìsopọ̀ kan ti ṣetán, kọ ètò kan lórí Mac mi, tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo gbé e dé orí sáfà Linux, ó ní òun kò rí sys/event.h, fáìlì tí kqueue nílò. Ṣebí ìdílé Unix ni àwọn méjèèjì? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Èrò ni àwọn kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, máa ń yá lọ́wọ́ ara wọn jù. Ọ̀nà tí a ń gbà pe iṣẹ́ náà, oníkálukú ló ń la tirẹ̀. FreeBSD, ọ̀kan nínú ìdílé Unix náà, ló gbé kqueue jáde ní ọdún 2000, Jonathan Lemon ló sì kọ ọ́. Apple, tí kernel rẹ̀ gba kóòdù púpọ̀ lọ́wọ́ FreeBSD, mú un wọlé, òun ni Mac yín fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2002, Linux ṣe epoll fún ìṣòro kan náà, kí ètò tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsopọ̀ lọ́wọ́ má baà máa ṣe bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ gbogbo kíláàsì nígbà tí ọmọ méjì péré nawọ́.

Àṣẹ ìlò kọ́ ló dí Linux lọ́wọ́, nítorí ti BSD, tí FreeBSD ń lò, kò le rárá. Ìrònú wọn ló yàtọ̀. Tí ẹ bá pe kevent, àṣẹ tí a fi ń lo kqueue, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ lè forúkọ ọgọ́rùn-ún nǹkan sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìròyìn èyí tó ti ṣetán níbẹ̀, ì báà jẹ́ ìsopọ̀, aago tàbí ètò mìíràn tó parí iṣẹ́. Ní ti epoll, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni epoll_ctl ń forúkọ sílẹ̀, epoll_wait ló ń dúró de ìròyìn, ohun tó bá sì ní nọ́ńbà bíi ti fáìlì nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí Linux fi tún ṣe timerfd, kí aago náà lè wọ aṣọ fáìlì. Lójú tèmi, ti kqueue ló gún régé jù.

Yíyá èrò tí mo sọ lókè kì í ṣe ti apá kan ṣoṣo o. Láti àwọn ọdún 1990 ni Windows NT ti ń jẹ́ kí ètò fa iṣẹ́ lé kernel lọ́wọ́, kó sì padà wá gba èsì. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni io_uring ti Linux gbà ní 2019, pẹ̀lú òrùka méjì nínú ìrántí tí ètò àti kernel jọ ń lò. Ní 2021, Windows 11 dé pẹ̀lú IoRing, tó jọ ọ́ bí ìmumu.

Ní ti kóòdù yín, bí kò bá tíì pọ̀, ẹ fi libuv, àkójọ kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, tún un kọ. Yóò lo kqueue lórí Mac, yóò sì lo epoll lórí Linux. Bó bá ti pọ̀, ẹ gbé libkqueue, tó ń ṣe bíi kqueue lórí Linux, sórí sáfà náà, sys/event.h wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo ibi tí ẹ ti lo EVFILT_VNODE, tí kqueue fi ń ṣọ́ àyípadà fáìlì, nítorí inotify ni Linux fi ń ṣọ́ fáìlì, ìròyìn tó sì ń mú wá kò rí bákan náà.