Ṣé kí n fi bọ́ílà oníná rọ́pò ti dísù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Yógọ́ọ̀tì la ń ṣe n'Iléṣà, bọ́ílà dísù la fi ń se mílíìkì, owó dísù sì ti fẹ́ lé wa nídìí iṣẹ́. Wọ́n ní kí n ra bọ́ílà oníná, pé kò ní èéfín. Àmọ́ iná wa kì í dúró. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú ìnáwó dísù náà. Ẹ má tíì rà á, ẹ jẹ́ ká ṣírò ná.

Lítà dísù kan nínú bọ́ílà tó dáa máa ń fún yín ní ooru bíi yúníìtì 8, yúníìtì kan náà tí mítà iná ń kà. Torí náà ẹ pín owó lítà kan sí 8. Ká ní 1,200 náírà lẹ ra dísù, 150 náírà ni ooru yúníìtì kan, àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún) sì ń san ju 200 lọ láti April 2024, so iná NEPA nìkan ò lè gbà yín. Èéfín náà ńkọ́? Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná Nàìjíríà, èéfín yẹn kàn kó lọ síbòmíì ni.

Ohun tí mo bẹ̀ yín sí jù ni pé kẹ́ ẹ má fi jẹ́nẹ́ gbé bọ́ílà oníná láéláé. Lítà dísù kan nínú jẹ́nẹ́, yúníìtì iná bíi 3 ló máa mú jáde, ìyókù á bá ẹ̀ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ lè jó lítà kan náà nínú bọ́ílà kẹ́ ẹ gba 8!

Sólà ló lè gbà yín, pẹ̀lú ibi tí ẹ máa tọ́jú ooru sí. Mi ò sọ bátìrì o, bátìrì wọ́n, ooru lẹ sì nílò. Ẹ ṣe tánkì irin onílítà 2,000, kẹ́ ẹ fi wúùlù tó nípọn wé e bíi fúláàsì, kí sólà máa mú omi inú ẹ̀ gbóná lọ́sàn-án títí á fi dé 95 dígírì. Tẹ́ ẹ bá lò ó títí tó fi wálẹ̀ dé 60 dígírì, ẹ ti rí bíi yúníìtì 80 nínú ẹ̀. Ó máa gbà tó páńẹ́lì 36 oní-550 wọ́ọ̀tì, ti ìgbà òjò á sì dín kù, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní kẹ́ ẹ ju bọ́ílà dísù yín nù: omi yẹn lẹ máa fi fọ ìgò, òun lẹ máa fi gbé mílíìkì tútù dé bíi 60, bọ́ílà á wá parí ẹ̀ dé 85.

Wọ́n ń tọ́jú ooru báyìí níbòmíì náà: ní Kankaanpää ní Finland, iyanrìn 100 tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń fi iná mú gbóná, láti 2022, tó ń gbóná dé bíi 500 dígírì, wọ́n sì ń fi ooru ẹ̀ mú ilé gbóná. Iṣẹ́ yín ò dé ibẹ̀, omi tó yín.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ wé gbogbo páìpù stíìmù tó wà níhòòhò, kẹ́ ẹ sì máa kọ iye lítà dísù tẹ́ ẹ ń jó lójúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ká fi mọ bí tánkì yín ṣe máa tóbi tó.