Èsì: Kí orí mọ́tò onílé má baà kọlu afárá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá gíga tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò onílé yín, ìyẹn mọ́tò ńlá téèyàn lè gbé inú rẹ̀ bí ilé, tó láti fi mọ afárá tó máa gbà yín. Kò tó rárá. Ẹ gun àkàbà, kí ẹ fi téèpù wọn mọ́tò náà láti ilẹ̀ títí dé orí ohun tó ga jù lókè, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tàbí áńtẹ́nà. Ìgbà tó bá ṣófo ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí ẹrù máa ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá kọ ọ́ gàdàgbà síbi tójú yín á ti máa rí i, ní mítà àti ní ẹsẹ̀ bàtà: mítà 3.2 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ínǹṣì 6.

Ẹ má gbọ́kàn lé máàpù orí fóònù o, ọ̀nà mọ́tò kékeré ló mọ̀. Afárá tó tẹ̀ bí ọrun ló burú jù lójú tèmi: àárín rẹ̀ ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú. Bí wọ́n bá sì ti da ọ̀dà tuntun lé títì, nọ́ńbà gíga tí wọ́n kọ sára àmì afárá lè má jóòótọ́ mọ́. Òrùlé ilé epo àti ẹ̀ka igi náà ńkọ́? Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ dúró, ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí ẹnì kan sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó.