Kí lẹ sè lálẹ́ àná?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ìlú Leeds ni mo ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde sì ni mí. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 8 ní oṣù tó kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, olùkọ́ wọn máa ń ní kí wọ́n jókòó yí ká, kí oníkálukú sọ ohun tí wọ́n sè nílé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo se ìkọ́kọrẹ́. Ọmọ yìí jẹ ẹ́ tán, ó sì tún ní kí n bu òmíràn sí i. Nígbà tí ó ń lọ sùn ni ó wá bẹ̀ mí pé ní ọjọ́ Àìkú, kí n jọ̀wọ́ máa se ohun tí òun lè sọ lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá ìkòkò méjì, ọ̀kan fún ohun tí a óò jẹ, ọ̀kan fún ohun tí yóò sọ. Ṣé ohun tí mò ń ṣe yìí dára? Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti dàgbà, kí ni ẹ ṣe?

Ìyá ọlọ́mọ kan, Leeds

Èsì

Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìdáná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó lè dáhùn, nítorí pé gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí ó gún mi lọ́kàn: ohun tí òun lè sọ lẹ́nu. Ọmọ yín ṣe yín lóore tí ó fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún yín. Ara ògiri kíláàsì ni èmi ti ka tèmi, lójú olùkọ́, lójú àwọn òbí yòókù.

Ìtòsí Peckham ní London ni a ń gbé láti ọdún 2003. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ alẹ́ ni ó sì ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi sì ń wa bọ́ọ̀sì. Nítorí náà, èmi ni mo máa ń dá oúnjẹ alẹ́. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́. Ìyá mi ta ọkà ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn títí ara rẹ̀ kò fi gbé e mọ́, n kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń di orógùn mú nídìí ìkòkò rẹ̀. Ọkà ni ìyá mi ń pè é, kì í pè é ní àmàlà. Bí oníbàárà bá sì ń ṣiyèméjì, ohun tí ó máa ń wí ni pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ọmọ mi ọkùnrin ti mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí mo bá ti dá ìlà àkọ́kọ́, òun ni yóò parí ìyókù, yóò sì fi ariwo pe gúgúrú.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ráyè, ọjọ́ Àìkú sì ni ọjọ́ abùlà nílé wa. Láti alẹ́ Àbámẹ́ta ni mo ti ń rẹ ẹ̀wà sínú omi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èmi àti ọmọ náà á jọ máa fi ọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ lè léfòó, a ó dà á nù, a ó tún bu omi mìíràn sí i, títí ẹ̀wà yóò fi funfun nínú abọ́. Ìdí sítóòfù ni mo máa ń gbé ọmọ náà gorí àpótí sí ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ewédú. Ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìjábẹ̀ mú, èyí tí ìyá mi dì sáàárín aṣọ fún mi ní ọdún 2009, yóò sì máa lu ewédú náà títí yóò fi máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ láti ẹnu ìjábẹ̀ bọ́ sínú ìkòkò. Èmi á da èlùbọ́ sínú omi tó ń hó, n óò máa rò ó, n óò máa fi ara orógùn tẹ gbogbo kókó inú rẹ̀ fọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, n óò ta omi díẹ̀ sí i, n óò sì dé e kí ooru lè jinná wọ inú rẹ̀. Tí mo bá ṣí i, ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ yọjú wò ó bóyá ó ti dúdú tó. Mo ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọmọ tí mò ń sọ kì í ṣe ọmọ tí ó kórìíra oúnjẹ wa.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 7, wọ́n pè wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi nìkan ni mo lọ. Àwọn ọmọ ti ya àwòrán ohun tí wọ́n sè nílé wọn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, olùkọ́ sì ti lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri. Láti ẹnu ọ̀nà ni inú mi ti ń dùn, tí mo ń wá orúkọ ọmọ mi, nítorí pé abùlà ọjọ́ Àìkú yẹn dára, ṣàkì rẹ̀ rọ̀, mo sì ń rò ó lọ́kàn bí yóò ṣe fi àwọ̀ ewé kun ewédú, tí yóò fi àwọ̀ rúsúrúsú kun gbẹ̀gìrì, bóyá yóò tilẹ̀ rántí ya ìjábẹ̀.

Àwo funfun kan ni mo rí, makaróní oníwàràkàṣì ni ó kún inú rẹ̀. Obìnrin kan dúró nídìí sítóòfù, ó so aṣọ ìdáná mọ́yà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ìsàlẹ̀, ọmọ mi kọ ọ́, pẹ̀lú ìkọ̀wé rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí apá ọ̀tún, pé màmá òun ni ó se makaróní ní ọjọ́ Àìkú, àti pé òun ni oúnjẹ tí òun fẹ́ràn jù lọ. Mo wo àwòrán náà láti igun kan dé èkejì. N kò sí nínú rẹ̀.

Olùkọ́ náà bá mi níbẹ̀. Ó yin ìkọ̀wé ọmọ náà, ó sì ní ó dùn mọ́ òun pé ìyá rẹ̀ ń wá àyè dáná fún wọn láìka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń gbìyànjú.” Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn. Ìyàwó mi kò tíì se makaróní rí láti ìgbà tí a ti dé London.

Bí mo ti ń lọ sílé, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kí ó tó dé ibùdókọ̀ wa, mo wọ ilé ìtajà ńlá kan, mo ra ọ̀rá makaróní méjì àti wàràkàṣì. N kò bínú. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi nígbà náà, tí mo sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu, ni pé bí mo bá ń se makaróní, ọmọ mi kò ní nílò láti purọ́ mọ́. Mo sè é ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wo àwo, ó wò mí, ó tún wo àwo. Ó mọ̀ pé mo ti rí ìwé yẹn. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Dádì,” ní ohùn pẹ̀lẹ́ kan bí ohùn àlejò, ó sì jẹ ẹ́ tán. N kò sọ nǹkan kan. Òun náà kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, n kò rẹ ẹ̀wà.

Ìyá ọlọ́mọ, òun ló fà á tí mo fi ní kí ẹ má dá ìkòkò méjì mọ́. Èmi náà kọ́kọ́ dá méjì fún bí oṣù mẹ́ta. Ó máa ń rẹ ènìyàn, nígbà tí ó bá sì rẹ yín, ìkòkò èyí tí kò ní ariwo nínú, tí kò gba rírẹ, bíbó àti rírò, ni yóò ṣẹ́ kù lórí iná. Kí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, abùlà ti di oúnjẹ ọdún Kérésì nílé wa. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin náà báyìí, n kò sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ iyán àti ọkà yẹn rí. Ó rí ìjábẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ kan, ó bi mí bóyá ọwọ̀ tí a fi ń gbá orí tábìlì ni.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá mi máa ń pè ní ọjọ́ Ajé, tí ó bá ti lo oògùn rẹ̀ tán. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, “Kí lẹ sè lálẹ́ àná?” Èmi á ní, “Ọkà ni, Màámi.” Yóò ní, “Ṣé kò ta kókó?” Èmi á ní kò ta kókó. Ọdún 2019 ni ó jáde láyé, ohun tí mo sì ń sọ fún un nìyẹn títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Àwọn kan nílé máa ń sọ pé àwa tí a wà lókè òkun ni a fi ọwọ́ ara wa gba oúnjẹ àti èdè lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, n kò sì gbà á tán. Èmi tí mo ti jí ní aago mẹ́ta òru láti lọ wa bọ́ọ̀sì, tí mo gba ọmọ méjì nílé ìwé, tí mo wo iṣẹ́ àmúrelé wọn, tí ìyàwó mi ń múra àti jáde ní aago méje alẹ́, ta ni yóò bá mi bó ẹ̀wà? Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n bá lára rẹ̀, Ìlú Ọba sì wà nínú àjọ náà nígbà yẹn. Mo rántí pé mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹ ò rí i, gbẹ̀gìrì kò tilẹ̀ ṣeé ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 2015 ni ìyẹn, láti ọdún 2012 ni mo sì ti dáwọ́ ẹ̀wà rírẹ dúró. Ẹ̀wà olójúdúdú láti ibòmíràn kò sì wọ́n lórí àtẹ ní Rye Lane ní Peckham. Ọmọ mi kò sùn lébi rí, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ béèrè ohun tí a ṣe, kì í ṣe ohun tí ó dùn mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ohun tí ó máa ń pa wá ni aago. Ẹ lọ ata, tatàṣé àti àlùbọ́sà yín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, kí ẹ pín in sínú ike kéékèèké sínú firísà. Ewédú kò ní láti jẹ́ èyí tí wọ́n gbé wá láti ilé: ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn Lárúbáwá, ẹ béèrè molokhia, ewé kan náà ni, ará Íjíbítì ń jẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwa, wọ́n sì ti gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ti mú un dì. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ̀gìrì láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀wà lẹ́ńtìlì pupa tí wọ́n ti bó máa ń jinná kí ènìyàn tó rò ó. Ó fẹ́ jọ ọ́. Ìyá mi ìbá mọ̀ pé kì í ṣe òun, àmọ́ yóò jẹ ẹ́. Ní ti irú, inú ike méjì ni kí ẹ dé e mọ́. Ní ti olùkọ́ náà, mo rò pé ó yẹ kí ẹ lọ bá a kí àwọn ọmọ tó tún jókòó yí ká ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n èmi tí mo dúró níwájú olùkọ́ tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò lè kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó sọ.

Ohun kan ṣoṣo tí ó dá mi lójú ni pé kí ẹ bi ọmọ yín. Kí ẹ bi í nígbà tí ẹ bá jọ ń rin ewùrà, tí kò ní láti wo ojú yín, kí ni ó rò pé wọn yóò sọ bí òun bá pe ìkọ́kọrẹ́ lórúkọ. Ó lè jẹ́ pé kò mọ bí òun yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Títí di òní, n kò mọ ohun tí ojú ń ti ọmọ tèmi sí. Mo lè fara da á bó bá jẹ́ ọkà. Ohun tí mo máa ń rò nígbà tí mo bá ń wakọ̀ ní òru ni obìnrin inú àwòrán yẹn tí ó ń dáná, bóyá ojú ń ti ọmọ mi pé bàbá òun ni ó ń dáná nílé, bóyá ohun tí ó rí lára àwọn ìdílé yòókù ni ó kàn yà. Ó ti pé ọmọ ọdún 20, ó wà ní yunifásítì ní ìlú mìíràn, ó sì máa ń fi àwòrán ohun tí ó bá sè lálẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ìrẹsì ni, adìẹ ni, makaróní sì ni nígbà mìíràn. Mo máa ń dáhùn pé ó dára.

Ó ń bọ̀ wálé ní òpin oṣù yìí. Mo ti ra èlùbọ́ kìlógíráàmù méjì láti Old Kent Road, mo sì ti yọ ìjábẹ̀ kúrò nínú dúrọ́ọ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi kí ó lè rọ̀. N kò tíì mọ̀ bóyá n óò ní kí ó wá dúró tì mí.